ẸNI TÍ A JỌ Ń ṢIṢẸ́: ẸJẸ́ KÍ A DÚPẸ́ LỌ́WỌ́ RẸ̀ KÍ ILẸ̀ TÓ ṢÚ

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

   

Nígbà gbogbo tí a bá fẹ́ tẹ irú ìwé báyìí jáde, iṣẹ́ tí kọmití máa ń gbé fún èmi akọ̀wé ni pé kí n kọ ìtàn ìjọ: ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, ọjọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, iye àwọn tí a rì bọmi. Lọ́tẹ̀ yìí mo tọrọ àyè kí n kọ nǹkan mìíràn, wọ́n sì gbà fún mi. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ara mi àti ẹ̀yin náà, nítorí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Gbèsè wo ni a jẹ ẹni tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ Olúwa láti ìgbà pípẹ́? Ìgbà wo ni ó sì yẹ kí a san án?

Ẹ ṣí ìwé àjọ̀dún èyíkéyìí tí ó bá wà nílé yín. Ẹ ó rí i pé ojú ewé tí a fi yin òkú pọ̀ ju èyí tí a fi yin alààyè lọ. Ẹni tí ó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti 20 ọdún, a ó máa gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ìgbálẹ̀ ń dá rìn. Ọjọ́ tí ó bá kú ni a ó tó máa pariwo pé òpó ìjọ ti wó. Mo ti kọ irú ìwé ìdágbére bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú iṣẹ́ akọ̀wé mi, èdè inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ ọ́ fún kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà bọ̀ wá sílé. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tí èmi pẹ̀lú wọn ti jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 28. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí bí mo bá dárúkọ wọn, wọn kò ní wá sí ìsìn lọ́jọ́ tí a bá ń pín ìwé yìí. Bàbá Akọ́rin ni n ó máa pè wọ́n. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe. Àga tí ẹ̀yin àlejò wa jókòó lé yìí, ọwọ́ wọn ni ó ti jáde, owó igi nìkan ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ ìjọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di akọ̀wé, tí mo rò pé nítorí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ girama mo ti mọ gbogbo nǹkan, Bàbá Akọ́rin ni wọ́n fi sùúrù kọ́ mi bí a ti ń ka àmì orin, tí mo fi mọ dò, re, mí. Bí 40 ènìyàn bá ń kọrin, tí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì í, wọn yóò mọ ẹni náà, wọn kò sì ní pe orúkọ rẹ̀ lójú ẹgbẹ́. Wọn yóò dúró dè é lẹ́yìn ìsìn, wọn yóò sì bá a tún un kọ títí yóò fi mọ́ ọn.

Ẹ̀bùn wọn tí ó tóbi jù lójú tèmi ni pé wọ́n mọ ibi tí a á fi ènìyàn sí. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí a ti lé kúrò nínú ẹgbẹ́ mìíràn pé kò wúlò, Bàbá Akọ́rin yóò ní kí ó wá. Ohùn tí ó le jù, wọn yóò wá ibi tí líle rẹ̀ yóò ti ṣe orin láǹfààní. Báyìí ni ẹgbẹ́ akọrin wa ṣe di ohun tí ẹ̀yin ará Kabba, Mopa àti ibòmíràn máa ń gbóríyìn fún.

Nísinsìnyí n ó sọ ohun tí mo ṣe sí wọn.

Ní 2011, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, ìyàwó wọn. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu. Ní oṣù kìíní gbogbo wa ni a ń lọ. A gbàdúrà, a gba ààwẹ̀, a gbé omi àdúrà lọ, a gbé iṣu lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àwa ènìyàn ti rí. Nígbà tí kò tètè sí àyípadà, ẹsẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Oṣù kejì, a di mẹ́wàá. Oṣù kẹta, a di mẹ́ta. Bàbá Akọ́rin ń wá sí ìsìn ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n wọn kò wá sí ìṣọ́ òru mọ́, igbákejì wọn ni ó sì ń darí ìdánrawò orin. Kọmití bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní ipò kì í ṣe ti ìdílé. Ẹlòmíràn ní bí obìnrin bá ń ṣàìsàn, ṣé kò ní ọmọ obìnrin tí yóò tọ́jú rẹ̀ ni? Wọ́n ní kí akọ̀wé kọ lẹ́tà.

Mo kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí mo máa kọ sínú rẹ̀ fún mi, èmi ni mo wá ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n rántí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ṣáájú iṣẹ́ ilé, àti pé bí wọn kò bá rí àyè mọ́, kí wọ́n fi ipò sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní àyè. Mo fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀ ìjọ mọ́ ọn, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú fáìlì. Wọn kò fèsì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo lọ sílé wọn láti gba àkọsílẹ̀ orin Àjíǹde. Ìrọ̀lẹ́ ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bí mo ti dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá Akọ́rin tí wọ́n ń kọrin nínú ilé. Kí n má purọ́, inú bí mi. Mo ní nínú ara mi pé, ẹni tí kò ráyè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ráyè jókòó sílé máa kọrin! Mo bá yọjú wolé.

Bàbá Akọ́rin jókòó lórí àpótí kékeré níwájú Màmá. Ife omi kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé, "O-mi," lóhùn re, re. Wọn yóò kọ ọ́, wọn yóò dúró, wọn yóò máa wo ẹnu Màmá. Wọn yóò tún kọ ọ́. Wọ́n tún kọ "Bà-bá," dò, mí. Màmá, tí a ti sọ pé odi ni wọ́n dà, la ẹnu, ohùn kan sì jáde. Ọ̀rọ̀ náà kò já geere, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tọ̀nà: re, re. Bàbá Akọ́rin gbé omi náà sí wọn lẹ́nu.

Àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa ohun tí mo rí yẹn. Ẹni tí àrùn yìí bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè máa kọ orin tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí ọ̀nà tí orin ń gbà nínú ọpọlọ kì í ṣe ọ̀nà kan náà pátápátá pẹ̀lú ti ọ̀rọ̀ lásán. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣègùn tí ó sọ fún Bàbá Akọ́rin. Wọ́n kàn ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ń fi orin sìn ní alẹ́, ètè Màmá máa ń mì. Èdè Yorùbá sì rèé, orin ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ Màmá ní ọ̀rọ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, láti oṣù mẹ́rin. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé Màmá lọ wẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ, ní ìlú tí ọkùnrin kì í ti í sá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sójú òòrùn kí ojú má tì í.

Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n dìde, wọ́n fún mi ní àga. Màmá wò mí, wọ́n sì ṣe wàhálà títí, wọ́n ní, "Okun." Ìkíni wa ni, ìkíni tí gbogbo ayé fi ń dá àwa ará ìhín mọ̀. Mo wo tábìlì. Lẹ́tà mi wà níbẹ̀, ìgò oògùn wà lórí rẹ̀. Mo gba àkọsílẹ̀ orin, mo sì lọ. Mi ò tọrọ àforíjì. Akọ̀wé ni mí, òǹtẹ̀ ìjọ wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi kò sì gbà á.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú lẹ́tà náà wò. Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí ènìyàn bá fi fún ìdílé rẹ̀, ó jí i lọ́wọ́ Ọlọ́run ni? Mo mọ̀ pé Olúwa wa sọ nínú Lúùkù orí 14 pé kí ọmọ-ẹ̀yìn òun má ṣe fẹ́ baba, ìyá, aya àti ọmọ jù òun lọ. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé nígbà náà. Ṣùgbọ́n Olúwa kan náà ni ó bá àwọn Farisí wí nínú Máàkù orí 7, nítorí wọ́n ń pe ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú baba àti ìyá ní ẹ̀bùn Ọlọ́run, kí wọ́n má baà ṣe ojúṣe wọn. Lórí igi àgbélébùú, nígbà tí iṣẹ́ ìràpadà gbogbo ayé wà lọ́rùn rẹ̀, ó ráyè fi ìyá rẹ̀ lé Jòhánù lọ́wọ́. Bí Olúwa kò bá sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù, kí òun gbàgbé ìyá òun, ta ni èmi tí n ó sọ fún ẹlòmíràn kí ó gbàgbé aya rẹ̀? Pọ́ọ̀lù náà sọ fún Tímótì pé kí ó wo ilé ẹni kí ó tó fi ìjọ lé e lọ́wọ́. Èlí ṣe àlùfáà títí ó fi darúgbó, ilé rẹ̀ bàjẹ́, ó sì kó bá àgọ́ Olúwa. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bíbélì tí mo ń ka nǹkan wọ̀nyí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti ṣe dé ọwọ́ wa ní èdè wa. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ni a máa ń dárúkọ. Ní 1821 ni wọ́n kó ìlú wọn lẹ́rú. Wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n nípá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó o lọ, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì ti fẹ́ Asano, tí a gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú bíi tirẹ̀. Wọ́n fi jẹ àlùfáà ní 1843. Ní 1845 òun, Henry Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní 1846 wọ́n dé Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà sì ni Crowther àti ìyá rẹ̀, Afala, tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25.

Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́wọ́ Crowther nígbà náà ni? Ó ń wàásù, ó ń kọ ìwé èdè, ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Síbẹ̀ ó mú ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì fi sùúrù kọ́ wọn, títí ó fi rì wọ́n bọmi ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, tí wọ́n ń jẹ́ Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Màmá náà pẹ́ títí di 1883. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àkókò tí Crowther fi jókòó ti ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí Bíbélì tètè parí. Èdè ìyá ni èdè tí ó ń kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: ẹni mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Thomas King? Ọmọ Ẹ̀gbá ni, òun náà jẹ ìyà ẹrú kí ó tó dé Sàró, ó di àlùfáà, òun ni ó sì jókòó ti Crowther nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Ó kú ní 1862. Odidi Bíbélì Yorùbá kò jáde pọ̀ títí di 1884, ọdún 22 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni à ń jẹ oúnjẹ tí ó bá wa sè, a kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà pẹ̀lú Bàbá Akọ́rin lónìí ni ó lè mú kí ti Bàbá Akọ́rin má rí bẹ́ẹ̀.

Àìmọ orúkọ ẹni burú, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó burú jù ú lọ, òun ni kí a mọ ẹ̀bùn ẹni kí a sì pa ẹnu mọ́, tàbí kí a kọ̀wé lòdì sí i. Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ Townsend. Kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Òun ni ó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ó sì fẹ́ràn àwọn Ẹ̀gbá. Ó mọ ẹ̀bùn Crowther, nítorí wọ́n jọ wà nínú òjò àti oòrùn kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ pé a lè fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Townsend ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀ ní 1851 láti dí i lọ́nà, nítorí kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí òyìnbó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS, Henry Venn, rí ẹ̀bùn kan náà láti òkèèrè, ó sì ń kọ̀wé, ó ń bẹ̀bẹ̀, títí wọ́n fi ya Crowther sí mímọ́ ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864. Síbẹ̀ wọn kò fi àwọn òyìnbó Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sábẹ́ rẹ̀. Ìhà Odò Ọya ni wọ́n fún un. Ní 1865 ó dá ibùdó ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, tí kò jìnnà sí wa níbí.

Nígbà tí mo bá ronú kan Venn, ojú máa ń tì mí. Akọ̀wé ni òun, akọ̀wé ni èmi. Ó fi kálámù rẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tí ó ní ẹ̀bùn. Èmi fi tèmi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó kọ́ mi lórin.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé òyìnbó àti dúdú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Láàrin àwa Aládùúrà, a ní àpẹẹrẹ rere. Isaac Babalọlá Akínyẹlé jẹ́ ọmọ ilé ńlá ní Ìbàdàn. Ó ti mọ̀wé, ó ti kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn láti 1911. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Òdò-Ọwá, tí a bí ní 1904, ń wa ọkọ̀ tí a fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba ni nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928. Akínyẹlé fi nǹkan bí ọdún 22 jù ú lọ. Ìbá ti ní, kí ni awakọ̀ fẹ́ kọ́ mi? Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní 1930, àwọn àgbà bíi Akínyẹlé àti Odùbánjọ mọ̀ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, wọ́n sì dúró tì í. Nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932, ó jáde, ààyè rẹ̀ ṣì wà láàrin wọn. Lẹ́yìn náà, nínú Ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì, ọ̀kan ń ṣe Ààrẹ, èkejì ń ṣe Ajíhìnrere, ìkan kò gba ipò ìkan. Akínyẹlé di Olúbàdàn ní 1955, kò sì torí adé fi ìjọ sílẹ̀. Wọ́n jọ wà nínú iṣẹ́ kan títí Babalọlá fi sùn ní Ẹdẹ ní 1959. Bí Akínyẹlé bá ti fi ojú kéré wo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, mélòó nínú àwa Aládùúrà ni ìbá wà níbí lónìí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Akọ̀wé, ìyìn a máa gun ènìyàn lórí." Lóòótọ́ ni. Ìpọ́nni máa ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìpọ́nni àti ìdúpẹ́ kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹni tí ó ń pọ́n ọ ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ó ń dúpẹ́ ti rí nǹkan gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo Róòmù orí 16. Pọ́ọ̀lù dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, ó sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe, nígbà tí wọ́n ṣì lè gbọ́. Ó mẹ́nu ba Pírísílà àti Ákúílà, tọkọtaya, àti ìjọ tí ó wà nínú ilé wọn. Àwọn àgbà ní yinni yinni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Wọ́n tún ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ ò rí i pé olè ni wọ́n pè é. Nínú ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá Akọ́rin, tí mo fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń ja Ọlọ́run lólè, èmi gan-an ni olè náà.

Ẹlòmíràn yóò tún ní, "Bí a bá gbà báyìí, gbogbo ọ̀lẹ yóò máa fi ìyàwó àti ọmọ ṣe àwáwí." Èyí náà jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Mo mọ ẹni tí ó sọ pé òun ń tọ́jú ọmọ, tó jẹ́ pé ìdí ayò ni a bá a. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti mọ ìyàtọ̀. Ẹ lọ sílé rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú àwa mẹ́wàá tí ó wà ní kọmití lọ́jọ́ náà bá ti rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé Bàbá Akọ́rin kí a tó sọ̀rọ̀, lẹ́tà náà kò ní wáyé. Àwa tí a sọ pé a ń ṣọ́ òru fún ìjọ, a kò ṣọ́ ẹni tí ó ń ṣọ́ òru nílé rẹ̀.

Kí ni ìjọ wá pàdánù? Mo ti jókòó, mo ti ṣírò rẹ̀. Nínú àwọn tí ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, mẹ́rin ni wọ́n dàgbà nílé Bàbá Akọ́rin, méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ àbúrò wọn tó ti kú. Nígbà tí àrùn kan náà kọlu ẹlòmíràn nínú ìjọ, Bàbá Akọ́rin ni wọ́n lọ kọ́ ará ilé rẹ̀ bí a ti ń fi orin pe ọ̀rọ̀ padà. Àga tí wọ́n kan fún Màmá, tí ó ní ibi tí a ń fi ọwọ́ òsì gbá mú, òun náà ni wọ́n kan fún àwọn àgbà tí wọ́n jókòó ní ìlà iwájú yẹn. Kò sí ohun kan tí wọ́n ṣe nílé tí kò padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa ni a kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe níbi méjèèjì.

Màmá sùn nínú Olúwa ní 2016. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì máa ń jókòó sítòsí àwọn akọrin lọ́jọ́ ìsinmi. Èmi ni mo kọ ìwé ìdágbére wọn. Mo kọ ọ́ pé a kò rí irú ìfẹ́ tọkọtaya bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ènìyàn sunkún, wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n fún ọdún márùn-ún ni Màmá fi ń fi ọ̀rọ̀ tí ó nira fún wọn láti sọ kí mi ní "Okun," n kò sì sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan rí pé mo jẹ̀bi ọkọ wọn. Èyí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Òun ni ó mú mi kọ ìwé yìí kí ó tó di pé mo tún jókòó kọ òmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín. Kí àjọ̀dún yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa wá ẹnì kan tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́. Ẹ má sọ fún un pé ó ṣeun lásán. Ẹ sọ ohun tí ó ṣe, kí ó mọ̀ pé ojú yín rí i. Ẹ béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ aya tàbí ọkọ tí ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Bí ó bá ti ń pẹ́ kí a rí i, ẹ lọ sílé rẹ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ní ti lẹ́tà tèmi, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fáìlì di òní. Ó ti ń ṣe mí bí kí n fà á ya. N kò ní fà á ya mọ́. Mo ti bẹ kọmití, wọ́n sì ti gbà, kí a so ìwé yìí mọ́ ọn, kí akọ̀wé tí ó bá gba fáìlì lọ́wọ́ mi lè ka méjèèjì pọ̀, kí ó sì mọ bí òǹtẹ̀ ìjọ ti wúwo tó.

Bàbá Akọ́rin, ẹ forí jì mí. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Okun o.